Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Dé Joga-Orílé

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Èkó ló mọ̀ nípa London ju ìlú baba wọn lọ. Bí ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti wá, wọn á ní, "Ìpínlẹ̀ Ògùn," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ Joga-Orílé, fún àwọn ọmọ ibẹ̀ àti fún ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ni Joga wà, èyí tí Ayétòrò jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ibese àti Igbogila ni aládùúgbò wọn. Abepa ni oyè ọba ibẹ̀. Ẹ̀gbádò ni àwa tí a ti dàgbà mọ gbogbo agbègbè náà sí. Ọdún 1995 ni wọ́n fi orúkọ odò Yewa rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà òjò wọn pín sí méjì, bí Bíbélì ti ń sọ nípa àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, òjò á dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á sì tún dé títí di oṣù kẹwàá. Nítorí èyí ni àgbẹ̀ ibẹ̀ fi lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ̀gẹ́ sì wà nínú ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á gbé eruku dé láti òkè Ọya. Ẹ mú aṣọ òtútù dání fún àwọn ọmọ, nítorí òwúrọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti Èkó.

Kí ni Orílé tó wà lára orúkọ ìlú yìí? Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Yewa, orílé ni ibi tí ilé àwọn baba ńlá ti kọ́kọ́ wà. Púpọ̀ nínú orílé Ẹ̀gbá ló ti di igbó àti oko lẹ́yìn tí ogun tú wọn ká. Ní ti Joga, ènìyàn ń gbé e, ọjà ń ná níbẹ̀, ilé ìjọsìn sì wà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà lágbára, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni àwọn oníṣòwò rẹ̀ ń gbà dé etí òkun. Ní ìparí ọdún 1825, Clapperton òyìnbó àti Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, gba Badagry wọlé, wọ́n sì dé Ijanna nítòsí Ìlarò, níbi tí ajẹ́lẹ̀ Aláàfin ń gbé. Pearce àti Morrison tí wọ́n jọ wá kò dé Ọ̀yọ́. Àìsàn pa wọ́n lójú ọ̀nà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, kò sí aláàbò mọ́. Àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ń fẹ́ ọ̀nà òkun. Ogun Dàhọ̀mì sì ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ó sì fọ́ Kétu ní 1886. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ilẹ̀ Ẹ̀gbádò wà! Ọkàn àwọn ènìyàn kò balẹ̀ títí àwọn Faransé fi gba Abomey ní 1892. Ẹ wo orúkọ Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀dó lẹ́yìn ogun: ó ń sọ ohun tí àwọn tó dé síbẹ̀ ń wá.

Láyé òde òní, òkúta ẹfun ló sọ ilẹ̀ náà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ní 2012 ni Ààrẹ Jonathan ṣí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ní Ibese. Iṣẹ́ dé, ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá dé, iye orí ilẹ̀ sì yàtọ̀. Ọmọ tí kò mọ ibi tí oko baba rẹ̀ dé, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tí olùrà bá dé? Bàbá àgbà tó mọ igi tó jẹ́ ààlà kò ní wà títí láé, àwọn igi náà kò sì ní wà títí láé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ìrìn-àjò kò tán. Ẹ lè ya Ìlarò, ìlú Ọ̀rọnà jagunjagun, níbi tí ọkọ̀ ojú irin láti Ifọ̀ lọ sí Idogo ti máa ń kọjá tẹ́lẹ̀. Ní Ayétòrò, ẹ fi ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà han àwọn ọmọ. Òkúta Olúmọ kò jìnnà sí ẹni tó bá gba Abẹ́òkúta padà. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà lè kọjá sí Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ lọ wo Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ gbà láti wò. Ọnà igi rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kò dára.

Láti Èkó, ẹ gba Sango àti Papalanto dé Ìlarò. Kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ lójú ọ̀nà nítorí ibodè, nítorí náà kí ìwé ọkọ̀ yín pé. Oṣù kọkànlá dára jù: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tí ì le, koríko ojú ààlà kò sì ní í ga ju orí ọmọ lọ.