Òdòdó Tó Ń Ṣọ́ Oòrùn

Ẹ fa ẹní sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹní Ògòtún ni o, ẹ má jẹ́ kí ẹyin iná ta sí i. Ohun ìyanu tòní kì í ṣe ti iwin. Gbogbo yín lẹ ti dé Ìkọ̀gòsì, ẹ ti rí i bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe pàdé níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ, ẹ lè fi ọwọ́ yín gbìn ín sẹ́yìnkùlé.

Òdòdó oòrùn ni. Nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì là, ìlà-oòrùn ló ń wò láàárọ̀. Bí oòrùn ti ń rìn lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni orí náà ń bá a yí, tí yóò fi kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́. Òru ló wá yà mí lẹ́nu jù: kí àkùkọ tó kọ, ó ti padà kọjú sí ìlà-oòrùn nínú òkùnkùn, ó ń dúró de ẹni tí kò tíì dé. Kò lójú, kò létí. Igi rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà: lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ló ń yára dàgbà; lóru, ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tó bá gùn jù ní ń ti orí sí òdìkejì.

Wọ́n á ní ó ń yí bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Irọ́ ni. Bó bá ti là tán, ó dúró, ìlà-oòrùn ni yóò máa wò. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀. Wọ́n yí ìkòkò àwọn kan padà kí wọ́n lè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Kòkòrò bí oyin tó bà lé àwọn tó ń wo ìlà-oòrùn tó ìlọ́po márùn-ún ti àwọn tí wọ́n yí padà, nítorí oòrùn àárọ̀ ti mú ojú àwọn tó kọjú sí i móoru.

Ojú yẹn gan-an, ẹ má pè é ní òdòdó kan. Òdòdó wẹ́wẹ́ ló kún àárín rẹ̀, ó lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n tò ní yíyípo bí ọnà tí ìyá tó mọ ẹní í hun fara balẹ̀ ṣe. Ẹ ka ìlà tó yí sí ọ̀tún, ẹ lè bá 34; ẹ ka ti òsì, ẹ bá 55. Ní ti gíga, ọ̀kan wà ní Jámánì ní 2014 tó ga ní mítà 9.17. Ó ga ju ilé alájà kan lọ!

Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹbí níbí. Ewúro inú ọbẹ̀ yín, ẹbí rẹ̀ ni. Jogbo, tó ń tan àwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá títì bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, òun náà ni. Láti Mẹ́síkò ló ti wá, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, ó sì ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òdòdó oòrùn kò le tó jogbo. Ìgbín á jẹ ọ̀mùnú rẹ̀ mọ́jú, ewúrẹ́ á já orí rẹ̀, ìjì á dá igi rẹ̀. Èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹ̀gà aláriwo yóò kó irúgbìn rẹ̀ jẹ. Bí òjò bá pọ̀ nígbà tó ń gbó, orí á jẹrà.

Nítorí náà, ìparí oṣù kẹjọ ni kí ẹ gbìn ín, kó lè gbó sínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ojú ibi tó máa wà ni kí ẹ sọ irúgbìn sí. Kì í fẹ́ kí wọ́n lọ́ òun. Ẹ gé ewé jogbo tútù, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ṣáájú; kíá ló ń jẹrà, ilẹ̀ á sì sanra. Ẹ fi ọ̀pá ti igi rẹ̀. Bí òdòdó bá rọ, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó bo orí, ẹ má bò ó ṣáájú, kí oyin lè ráyè ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀yìn orí bá ti pọ́n, ẹ gé e, ẹ sá a. Ẹ mú irúgbìn orí tó tóbi jù pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ tó dín ìyókù jẹ.