Páìpù, Oje àti Afẹ́fẹ́: Èdè-Ìperí fún Àtúnṣe Ìjánu Ọkọ̀

1. Ìfáárà

Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dúró, ohun tí àwọn awakọ̀ máa ń wí ni pé "bíréèkì já". Ọ̀rọ̀-ìṣe "já" yẹ fún okùn. Ó yẹ fún ìjánu ẹṣin pẹ̀lú, nítorí pé ńṣe ni ẹlẹ́ṣin ń fa ìjánu kí ẹṣin tó dúró. Láti ara ti ẹṣin ni "ìjánu ọkọ̀" ti wá, orúkọ náà sì dára, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, kò sí okùn láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ìjánu táyà; ohun olómi inú páìpù ni ó ń gbé agbára lọ. Olùkọ́ tàbí olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ pa ìyàtọ̀ yìí mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣi ọwọ́ ẹni tí ń tún ìjánu ṣe lọ́nà lè gba ẹ̀mí.

Ọkọ̀ tí yóò jẹ́ àpẹẹrẹ níhìn-ín ni Volkswagen tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ní ọdún 1975. Àwọn tí ó kù nínú wọn ti gbó, ìpẹtà sì jẹ́ ọ̀tá páìpù wọn.

2. Páìpù ni, kì í ṣe okùn

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe páìpù yìí tún túmọ̀ sí okùn tàbí ìlà. Olùtúmọ̀ tí ó bá yára kọ "okùn ìjánu" ti dá ìṣòro sílẹ̀, nítorí pé okùn wà nínú ọkọ̀ kan náà lóòótọ́: òun ni ó ń fa ìjánu ọwọ́. Kódà, okùn irin ni ó ń fa gbogbo ìjánu Ìjàpá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Ọdún 1950 ni ìjánu olómi dé sára irú èyí tí ó gbówó lórí nínú wọn. Nítorí náà, kí "okùn ìjánu" dúró fún ti ọwọ́, kí "páìpù ìjánu" jẹ́ ti irin, kí "rọ́bà ìjánu" sì jẹ́ èyí tí ó rọ̀, tí ó so páìpù mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kì í dúró jẹ́ẹ́.

Pọ́ńpù tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tì lè jẹ́ "ìyá pọ́ńpù", gẹ́gẹ́ bí ìyá ìlù ti ń ṣáájú àwọn ìlù yòókù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí èyí tí ó wà nídìí táyà jẹ́ "ọmọ pọ́ńpù". Nínú "ọmọ odó" àti "ọmọ ọlọ", ohun tí ń rìn lára èkejì ni "ọmọ" ń tọ́ka sí. Irin tí ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú pọ́ńpù ni orúkọ yẹn tọ́ sí. Kí ti ìdí táyà máa jẹ́ "pọ́ńpù ẹsẹ̀".

Ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ páìpù nílé yóò kọ́kọ́ fi òkúta há táyà, yóò sì gbé ọkọ̀ ka orí ìdúró irin, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Sípánà onímílímítà 11 ni ó bá nọ́ọ̀tì páìpù Ìjàpá mu. Èyí tí ó di nọ́ọ̀tì mú yíká ni ó dára jù, nítorí pé sípánà ẹlẹ́nu yíyà máa ń fá igun nọ́ọ̀tì tí ó ti dípẹtà. Kí ó má ju páìpù àtijọ́ nù, nítorí pé òun ni yóò wò tẹ tuntun, láìjẹ́ kí ó ṣẹ́ po níbikíbi. Kí ó má lo páìpù bàbà lásán: ó rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ máa ń sọ ọ́ di líle títí yóò fi sán. Kí ó ti nọ́ọ̀tì bọ páìpù kí ó tó ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹnu ti Ìjàpá wú bí orí olú. "Ẹnu-olú" ni kí orúkọ rẹ̀ jẹ́, kí ó lè yàtọ̀ sí "ẹnu-fèrè" ti àwọn ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì, yóò máa jò.

3. Oje ni, kì í ṣe epo

"Ọ́ìlì bíréèkì" ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, àwọn kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí "epo ìjánu". Ewu wà nínú èyí. Ohun olómi náà kì í ṣe epo. Bí ẹnikẹ́ni bá tìtorí orúkọ da epo ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀, gbogbo rọ́bà inú pọ́ńpù yóò wú, yóò sì bàjẹ́. "Omi ìjánu" kò sì dára, nítorí pé omi gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. "Oje ìjánu" ni ó yẹ, nítorí pé oje jẹ́ ohun olómi tí kì í ṣe omi, tí kì í sì í ṣe epo.

Oje yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Irú èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá tó nǹkan bíi 3.7 nínú 100, 155°C ni ìlànà béèrè. Oje tí ó bá hó nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yóò di ooru, ìjánu kò sì ní mú mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tún oje tí ó ti jáde dà padà. Ó tún máa ń jẹ ọ̀dà ara ọkọ̀. Kí wọ́n tètè fi omi fọ ibi tí ó bá kán sí.

4. Afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀

Blaise Pascal (1623–1662) fi hàn pé bí ènìyàn bá ti ohun olómi tí kò rí ọ̀nà jáde, ìtì náà yóò dé gbogbo ibi tí ohun olómi náà wà lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń sún kì. Bí ó bá wà nínú páìpù, òun ni agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa fún pọ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ yóò rọ̀ bíi tìmùtìmù, ìjánu kò sì ní mú dáadáa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú páìpù ni afẹ́fẹ́ máa ń wọ̀ ọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ tí ó kàn yìí ní sísun ẹ̀jẹ̀. Faransé, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì Yorùbá ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbọ́, ń fi ọ̀rọ̀ tí ó wà fún fífọ inú pè é. Jámánì, èdè àwọn tí ó ṣe Ìjàpá, ń pè é ní yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò. Ti Jámánì ni ó bá òtítọ́ mu. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ẹ̀jẹ̀" tàbí "fífọ inú" lè rò pé oje ni ohun tí ó yẹ kí ó jáde. Yóò ṣí ihò sílẹ̀ títí ìgò oje yóò fi gbẹ, ìyá pọ́ńpù yóò sì gbé afẹ́fẹ́ tuntun mì. Orúkọ iṣẹ́ náà yóò ti kọ́ ọ ní òdìkejì iṣẹ́ náà. "Ìlé-afẹ́fẹ́-jáde" ni kí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ oje àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ fi tuntun rọ́pò, "ìpààrọ̀ oje" ni ìyẹn.

Ènìyàn méjì ni ó ń ṣe é. Ẹsẹ̀ tí ó jìnnà jù sí ìyá pọ́ńpù ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Nínú Ìjàpá tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kí iwájú òsì sì gbẹ̀yìn. Wọn yóò ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ń rí inú rẹ̀ bọ ihò-afẹ́fẹ́, wọn yóò sì tẹ orí rẹ̀ kejì bọ inú oje nínú ìgò. Ẹni kan yóò tẹ ìtẹ̀sẹ̀, yóò sì wí pé, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Èkejì yóò ṣí ihò náà, oje àti ìfóòfó yóò jáde, yóò sì dí i padà, yóò wí pé, "Mo ti dí i." Ìgbà yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó bá gbé e ṣáájú, afẹ́fẹ́ yóò padà wọlé. Wọn yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí oje nìkan yóò fi máa jáde, wọn yóò sì máa bu oje kún ìgò rẹ̀ kí ó má baà gbẹ.

Ní ìparí, kí ẹni kan tẹ ìtẹ̀sẹ̀ gírí fún ìṣẹ́jú kan, kí èkejì wo gbogbo ojú ìsopọ̀. Bí ìtẹ̀sẹ̀ bá ń rọra wọlẹ̀, ibì kan ń jò, tàbí kí rọ́bà inú ìyá pọ́ńpù ti jẹ. Bí ó bá rọ̀, afẹ́fẹ́ ṣì kù. Kí ọkọ̀ má dé títì títí wọn yóò fi dán an wò wọ́ọ́rọ́wọ́ níbi gbalasa.

5. Àkójọ ọ̀rọ̀

Ìyá pọ́ńpù: pọ́ńpù tí ìtẹ̀sẹ̀ ń tì.
Pọ́ńpù ẹsẹ̀: èyí tí ó wà nídìí táyà.
Ọmọ pọ́ńpù: irin tí ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú pọ́ńpù.
Páìpù ìjánu: ọ̀nà onírin tí oje ń gbà.
Rọ́bà ìjánu: ọ̀nà tí ó rọ̀, tí ó so páìpù mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.
Okùn ìjánu: okùn irin ti ìjánu ọwọ́ nìkan.
Ẹnu-olú, ẹnu-fèrè: irú ẹnu páìpù méjì.
Oje ìjánu: ohun olómi tí ń gbé agbára.
Ihò-afẹ́fẹ́: ihò ara pọ́ńpù ẹsẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.
Ìlé-afẹ́fẹ́-jáde: iṣẹ́ yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìjánu.