Bí Ọ̀kadà Bá Ń Tú Èéfín Jù, Níbo Ni Kí A Ti Kọ́kọ́ Wò?

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń tú èéfín lójú títì Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ni kò nílò kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Ohun tó ń ṣe é lè má ju fíítà tí eruku ti dí, plọ́ọ̀gì tó ti jẹ, tàbí kàbúrétọ̀ tí oríṣiríṣi ọwọ́ ti yí síbí yí sọ́hùn-ún. Síbẹ̀, bí ọlọ́kadà bá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ríìngì ti lọ, kó lọ wá owó písítìnì wá. Ó máa ń dùn mí, nítorí owó tí ọkùnrin náà fi oòrùn àti òjò pa ni yóò fi ra ohun tí kò nílò, kò sì ní pẹ́ tí èéfín yóò tún padà, torí pé ibi tí àrùn wà kọ́ ni wọ́n tọ́jú.

Ọ̀kadà tí mò ń sọ ni irú Bajaj Boxer, TVS àti àwọn ti Ṣáínà tó kún ìgboro: sìlíńdà kan ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kàbúrétọ̀ ló sì ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún un. Kí kílò epo bẹntiróòlù kan tó lè jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi kílò 14.7. Ẹni tó bá ti fi sítóòfù dáná rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá tó: iná á pọ́n, á máa rú, ìdí ìkòkò á sì dúdú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú sìlíńdà. Lára epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, òmíràn á di èéfín dúdú, òmíràn á di gáàsì carbon monoxide, òmíràn á sì gba inú sàlẹ́ńsà jáde láìjó rárá.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú nìkan ni ojú ń rí. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òun náà ló ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì tilẹ̀kùn sùn, torí pé ó máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ara ọ̀kadà kan yá kìkì nítorí pé a kò rí èéfín nídìí rẹ̀.

Àárọ̀ ló dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ gbé e síta gbangba, ẹ tàn án, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ máa wò ó. Bí ohun funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bá jáde tó sì pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ni, kò sí wàhálà níbẹ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó bá ṣe bíi búlúù nínú oòrùn, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ọ́ìlì tó jóná, ọ́ìlì ló ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ní ti funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀, bí mẹkáníìkì bá sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó tí omi fi ń wọ sìlíńdà, ẹ má gbà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọ̀kadà tí kò ní rédíétọ̀ kò ní omi tí yóò wọ ibì kankan. Ọ́ìlì ló sábà máa ń jẹ́, tàbí omi tó ti bá epo wọ inú táǹkì.

Ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí dúdú, torí òun ló wọ́pọ̀ jù, òun sì ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn jù.

Fíítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nígbà ọyẹ́, eruku ilẹ̀ pupa tó wà lọ́nà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí lè dí i láàrin ọjọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kò ṣí àpótí rẹ̀ wò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra alùpùpù náà. Bí fíítà bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rọra fún un láìlọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, kí ẹ wá fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á kí ẹ sì fún èyí tó bá pọ̀ jù kúrò. Ọ́ìlì yẹn ló máa ń mú eruku. Bí ó bá jẹ́ ti pépà, kò ṣeé fọ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú bọ̀ sóde, bó bá sì ti dúdú wọnú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá fíítà ló ń dá a, ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré lójú kan náà kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín bá fúyẹ́, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Ìṣẹ́jú kan péré ni mo sọ. Àwọn kan máa ń yọ fíítà dànù pátápátá kí ọ̀kadà lè fà. Yanrìn tó bá wọlé yóò máa họ ara písítìnì àti ríìngì, títí ọ́ìlì yóò fi rí ọ̀nà gòkè. Ẹni tó yọ fíítà nítorí èéfín dúdú ń fọwọ́ ara rẹ̀ ra èéfín búlúù.

Lẹ́yìn fíítà, ẹ wo ṣóòkì, ọwọ́ kékeré tí a máa ń gbé sókè kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè tàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí a bá gbàgbé láti dá a padà, tàbí tí wáyà rẹ̀ kò jẹ́ kó padà tán, èéfín dúdú kò ní dáwọ́ dúró.

Ó kan inú kàbúrétọ̀. Nínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fílóòtì kan máa ń léfòó lórí epo. Bí epo bá kún débi tó yẹ, fílóòtì yóò gbé abẹ́rẹ́ kékeré kan lọ dí ẹnu ọ̀nà. Bí ìdọ̀tí bá há síbẹ̀, tàbí tí orí abẹ́rẹ́ náà ti jẹ, epo kò ní yé wọlé. Ẹ ó rí i tí ó ń kán láti inú ọ̀pá rọ́bà tó wà lábẹ́ kàbúrétọ̀, òórùn epo á sì gba ibi tí ẹ gbé alùpùpù sùn. Nígbà míì, epo yóò ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì tí ẹ gbọ́ òórùn bẹntiróòlù lára rẹ̀, tí ọ́ìlì sì ti ga ju bí ẹ ṣe rọ ọ́ lọ, ẹ má wulẹ̀ gùn ún lọ ibì kankan. Ẹ tún abẹ́rẹ́ ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì náà pátápátá. Nítorí irú èyí ló ṣe dára kí a máa ti epo pa lálaalẹ́.

Jẹ́ẹ̀tì ni ihò idẹ tíńtínní tí epo ń gbà kọjá. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ìwọ̀n ihò náà ló sì ń sọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fi wáyà gún un bó bá dí. Idẹ rọ̀, wáyà á mú kí ihò náà fẹ̀ sí i, ọ̀kadà náà á sì máa mu epo ní àmujù títí wọn yóò fi ra jẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Ó ti tó.

Súkúrù tó wà lára kàbúrétọ̀, tó ń darí bí epo ṣe ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ló fa àríyànjiyàn jù. Àwọn kan ní kí a yí i wọlé kí èéfín lè dín, àwọn mìíràn ní kí a yí i jáde. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, ibi tí súkúrù náà wà ló yàtọ̀. Bí ó bá wà ní apá ibi tí fíítà wà, afẹ́fẹ́ ló ń darí: bí ẹ bá yí i wọlé, afẹ́fẹ́ á dín, epo á sì borí. Bí ó bá wà láàrin kàbúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, epo ló ń darí: bí ẹ bá yí i wọlé, epo ló máa dín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ná. Ẹ rọra yí súkúrù wọlé títí yóò fi kanlẹ̀ láìfi agbára tì í, kí ẹ dá a padà ní ìyípo kan àtààbọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti sáré jù tó sì dún geerege, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi súkúrù kejì, èyí tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì, dín eré rẹ̀ kù. Àmọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà lójú kan tàbí tó rọra ń lọ nìkan ni súkúrù yìí ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fà á gan-an lórí òkè ni èéfín dúdú ń jáde, ẹ fi súkúrù sílẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ fíítà àti jẹ́ẹ̀tì.

Ní ti carbon monoxide àti epo tí kò jó, tí ojú kò lè rí, ẹ̀rọ ló lè wọ̀n wọ́n. Ní Íńdíà, níbi tí ilé iṣẹ́ Bajaj àti TVS wà, wọ́n máa ń ti ọ̀pá ẹ̀rọ bọ sàlẹ́ńsà kí wọ́n tó fún alùpùpù ní ìwé ẹ̀rí. Fún alùpùpù onípele mẹ́rin (four-stroke) tí wọ́n ṣe lẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà 2000 àmọ́ ṣáájú oṣù Igbe 2020, carbon monoxide kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, epo tí kò jó kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 4,500 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Láti oṣù Igbe 2020, òfin wọn le débi pé kàbúrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára alùpùpù tuntun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa ṣì ń lò ó, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe ọwọ́ wa fi ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá rí irú ẹ̀rọ náà lò, ohun tó wúlò jù ni kí ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì pa pọ̀. Bí carbon monoxide bá ga, epo ti pọ̀ jù, gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè ló kàn yín. Bó bá wálẹ̀ àmọ́ tí epo tí kò jó ga, iná ń já nínú sìlíńdà. Kódà láìsí ẹ̀rọ, àmì rẹ̀ máa ń hàn: òórùn epo tútù láti inú sàlẹ́ńsà, ojú tó ń ta ẹni tó dúró lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì tó ń fò, tàbí ìró pọ́ọ́pọ́ọ́ bí ẹ bá dá ọwọ́ padà. Ẹ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 0.6 sí 0.7 mìlímítà. Ẹ wo fìlà plọ́ọ̀gì àti wáyà kọ́ọ̀lì. Ẹ wo rọ́bà tó so kàbúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti sán, torí afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé níbẹ̀ lè sọ iná di òkú.

Kí ẹ sì wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ìwé alùpùpù ló máa sọ iye rẹ̀ gan-an, àmọ́ fún irú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ó sábà máa ń wà láàrin 0.05 sí 0.10 mìlímítà. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo ló máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Èyí tó dákẹ́ jù ni mo máa ń ṣọ́ra fún. Bí ìjókòó fáàfù bá ń jẹ, àlàfo yẹn á máa dín, títí fáàfù kò fi ní lè pa ẹnu dé mọ́.

Ó wá ku búlúù. Kí ẹ tó gbà pé ríìngì ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ́ìlì ti pọ̀ jù, torí ó lè gba inú ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí lọ sínú àpótí fíítà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbà tí èéfín ń jáde. Bó bá tú búlúù lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ tó sì mọ́, tàbí tó tú u nígbà tí ẹ sọ̀kalẹ̀ òkè tán tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, síìlì fáàfù ni kí ẹ fura sí, owó kékeré sì ni. Bó bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń fà á, tí kò sì dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríìngì lóòótọ́. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò plọ́ọ̀gì, ẹ dá plọ́ọ̀gì padà kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì. Bí kíkì bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríìngì àti sìlíńdà ti jẹ. Bí kò bá yí padà, ẹ wo ọ̀dọ̀ fáàfù. Ọ́ìlì tó ki tí àwọn kan ń rọ sí i kì í wo ohunkóhun sàn.

Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, níbi tí Yamaha onípele méjì (two-stroke) ti jẹ́ ọ̀kadà zémíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, búlúù ní ìtumọ̀ mìíràn. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ń jó ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo, nítorí náà bí èéfín rẹ̀ bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́ìlì tí ẹ ń pò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Epo fúnra rẹ̀ náà lè jẹ̀bi. Ní oṣù Èrèlé 2022, ìjọba Nàìjíríà kó epo kan kúrò lọ́jà torí methanol inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹ ra epo níbì kan ni èéfín bẹ̀rẹ̀, ẹ tú ìkòkò kàbúrétọ̀ sínú ìgò funfun kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Omi á sọ̀ sísàlẹ̀.

Bí àtúnṣe bá parí, ẹ gùn ún jìnnà díẹ̀, ẹ pa á lójijì láìjẹ́ kó dúró tan lójú kan, kí ẹ yọ plọ́ọ̀gì nígbà tó bá tutù. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú tó sì gbẹ, epo ṣì pọ̀. Bó bá dúdú tó sì ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ṣì ń gòkè. Bó bá funfun bíi pé wọ́n sun ún, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ wo jẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dí, kí ẹ sì wo rọ́bà tó so kàbúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti sán, kí písítìnì má bàa jóná. Àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n ráúráú ni a ń wá, bí ẹ bá sì ti rí i, ẹ dá plọ́ọ̀gì padà kí ẹ máa lọ.