Kí Adìẹ Tó Jókòó Sórí Itan Rẹ

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń gbé adìẹ bọ̀ láti ọjà: ẹsẹ̀ méjèèjì nínú ọwọ́ kan, orí nísàlẹ̀. Ti adìẹ ọbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí adìẹ fẹ́ràn òun kò gbọdọ̀ gbé e bẹ́ẹ̀. Adìẹ kò ní iṣan tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, èyí tó ń bá àwa ènìyàn fa èémí. Àyà àti ikùn rẹ̀ ló ń wú, tó ń fà, kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bó bá dorí kodò, ìfun á rọ́ lu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí o bá sì fún un mọ́ra jù, kò ní lè mí. Ọmọdé lè fi ìfẹ́ pa òròmọdìẹ báyìí.

Ọ̀rọ̀ àṣá tún wà níbẹ̀. Òkè ni àṣá ti ń wá gbé adìẹ, nítorí náà bí ọwọ́ bá já lé e lẹ́yìn láti òkè, á ti sá kó tó mọ ọwọ́ ta ni. Ṣe ni kí o lóṣòó, kí o tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo díẹ̀. Bó bá jẹ́ ikán lo rí, ó dára ju àgbàdo lọ. Má mú un lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó jẹun tán, kó máa lọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sáré pàdé rẹ.

Òròmọdìẹ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 21 ni adìẹ ń sàba kó tó pamọ, láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ọmọ náà bá sì kọ́kọ́ dé ayé, ohun tó bá rí tó ń rìn níwájú rẹ̀ ló ń kà sí ìyá. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí, fi í sílẹ̀ fún un. Àgbébọ̀ tó lọ́mọ kì í báni ṣeré.

Ó wá ku gbígbé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ibi tí ẹsẹ̀ yóò dúró lé ló ń wá. Ki àtẹ́lẹwọ́ kan bọ abẹ́ àyà rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ìka rẹ, fi ọwọ́ kejì bo ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, kí o gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ, orí sábẹ́ apá rẹ, ìdí síta. Ìdí wà fún ìdí tó wà níta yẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àgbébọ̀ pupa mi, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Nígbà tó yá, ó fa ọrùn wọlé, ìyẹ́ rẹ̀ rú díẹ̀, ipénpéjú ìsàlẹ̀ sì rọra gòkè wá bo ojú. Ó gbóná lọ́wọ́ mi bí ìṣáná: ara adìẹ tó nǹkan bí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tiwa jẹ́ 37.

Lẹ́yìn náà ló su. Adìẹ kò ní àpò ìtọ̀. Ojú kan náà ni ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹyin ń gbà jáde. Funfun tó ń wà lórí ìgbẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ nìyẹn. Ìgbẹ́ mìíràn tún wà, ó dúdú, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan lóòjọ́ ló ń wá. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ adìẹ pé kó mú ìgbẹ́ mọ́ra, àmọ́ ó máa ń ṣe àmì: á gbé ìrù sókè, á sún sẹ́yìn díẹ̀. Gbé e sílẹ̀ kíá. Láàárọ̀, jẹ́ kó ṣe ti òru tán kí o tó fọwọ́ kàn án, kí o sì tẹ́ àkísà sórí itan. Léèsì funfun kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, má sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu, nítorí adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé kòkòrò Salmonella. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, kó máa wò ó lókèèrè.

Bí abo adìẹ rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà bá wá ń lóṣòó, tó ń tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí o bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, má rò pé ìfẹ́ ni. Bó ṣe ń ṣe fún àkùkọ nìyẹn, ẹyin ló sì ti fẹ́ dé. Tọ́jú ìtẹ́ sílẹ̀ fún un.