Atamátàsé Tó Jà fún Orílẹ̀-èdè Méjì

Bí ènìyàn bá dárúkọ nẹ́tíbọ́ọ̀lù lónìí níwájú àwọn ọ̀dọ́ wa tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gbà lọ́kàn tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò rò pé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà ni à ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tí wọ́n kàwé nílé-ìwé àwọn ọmọbìnrin láyé ìjọba òyìnbó mọ̀ ọ́n dunjú, wọ́n sì mọ̀ pé eré tí òfin rẹ̀ le ni. Láàrin àwọn tí eré náà ti sọ di olókìkí, n kò rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ là wá lóye tó ti Irene van Dyk, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó di ọmọ New Zealand, obìnrin gíga fíofío, alápá gígùn tí ń bá òrùka irin sọ̀rọ̀, atamátàsé tí kì í fi bọ́ọ̀lù ṣòfò.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ; ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Ènìyàn méje ní ń bẹ lápá kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ló sì ní ààlà tí kò gbọdọ̀ ré kọjá; lẹ́tà tí a kọ sí wọn láyà àti lẹ́yìn ló ń sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá hán bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbé e rìn, kò gbọdọ̀ máa lù ú mọ́lẹ̀ kó máa bá a sáré, kò sì gbọdọ̀ mú un dání ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ẹni méjì péré nínú àwọn méje ni òfin gbà fún láti jù ú sáwọ̀n, inú ìlàjì àyíká tí kò ju mítà 4.9 lọ sí ìdí òpó ni wọ́n sì ti lè ṣe é. Lẹ́tà GS ni ti Irene, ìyẹn ẹni tó sún mọ́ òpó jù lọ, tí gbogbo làálàá àwọn yòókù ń dópin sí lọ́wọ́.

Lójú ẹni tó jókòó síbi ìwòran, iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, mítà 3.05 ni òrùka náà fi ga sókè, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 22. Kò sí pátákó lẹ́yìn rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù lè lù kó tó já sílé, ọ̀tá kan yóò sì dúró síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90, yóò na apá méjèèjì bo ojú ọ̀run mọ́ ọn lójú. Bí bọ́ọ̀lù bá ti òkè bọ̀ tààrà, gbogbo 38 náà ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ̀ ní pẹrẹsẹ, tó fi jẹ́ pé igun tó fi ń wọlé kò ju dígírì 30 lọ, àlàfo tó kù kò ju sẹ̀ǹtímítà 19 lọ, ohun tó fẹ̀ ní 22 kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá láìfara kan irin. Ìdí nìyí tí Irene fi máa ń gbé bọ́ọ̀lù ga kọjá orí pátápátá, lórí ìka ọwọ́, tí yóò tẹ orúnkún díẹ̀, tí yóò na ara tán, tí yóò wá fi ọrùn ọwọ́ ta á sókè kó lè sọ̀ kalẹ̀ sáàrin òrùka. Mítà 1.90 ni gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin gíga pọ̀ láyé, ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó lé ní àádọ́rùn-ún tí yóò wọlé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ṣọ̀wọ́n. Sùúrù ló fi rà á, nítorí bí ó ti ń jù ú lójú agbo náà ló ń jù ú nílé.

Ọdún 1972 ni a bí i, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì ń jẹ gàba ní Gúúsù Áfíríkà, tí ayé sì ń ti orílẹ̀-èdè náà sẹ́yìn nínú eré ìdárayá. Ọmọ aláwọ̀ funfun ni, ìyà òfin burúkú yẹn kò sì jẹ ẹ́ bí ó ti jẹ àwọn ọmọbìnrin dúdú tí a kò fún ní pápá. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Irene, tó jẹ́ olùkọ́, wà lára àwọn tó lọ sí ìdíje àgbáyé ní Birmingham ní 1995, níbi tí Gúúsù Áfíríkà ti borí New Zealand, tó bá Ọsirélíà dé àṣekágbá, tó sì gba ipò kejì. Ojú ayé là sí i.

Ní ọdún 2000, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn kó lọ sí New Zealand, kí ọdún náà sì tó parí ó ti ń wọ aṣọ dúdú ti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn nílé. Ní tèmi, n kò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀: ibi tí a bá ń gbé là á ṣe, eré tí kò sí nínú Òlíḿpíìkì, tí owó rẹ̀ kéré, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti so ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mọ́lẹ̀.

Láti 1987 títí di ìgbà tí Irene dé ni New Zealand kò ti gba ife àgbáyé mọ́. Ní 1999, nílé ara wọn ní Christchurch, góòlù kan ṣoṣo ni Ọsirélíà fi nà wọ́n, 42 sí 41. Ní oṣù Keje ọdún 2003, ní Kingston ti Jàmáíkà, Irene dojú kọ Liz Ellis, akọni aláàbò Ọsirélíà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, New Zealand sì gba ife náà ní 49 sí 47. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Eré Ìdíje Commonwealth ní Melbourne ní 2006, ó tún gbà á ní Delhi ní 2010, lẹ́yìn àfikún àkókò ẹ̀ẹ̀mejì, ní 66 sí 64. Ṣùgbọ́n Ellis gbẹ̀san ní Auckland ní 2007, ní 42 sí 38, kó tó fẹ̀yìn tì; ní Singapore ní 2011, góòlù kan ṣoṣo ni Ọsirélíà tún fi borí.

Líìgì tí Ọsirélíà àti New Zealand jọ dá sílẹ̀ ní 2008 mú owó wá díẹ̀. Ẹgbẹ́ Magic, tí Irene wà nínú rẹ̀, gba ife rẹ̀ ní 2012, àwọn nìkan sì ni ẹgbẹ́ New Zealand tó gbà á rí kí líìgì náà tó tú ká. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2014, ó ti kópa nínú eré 217 láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, nínú èyí tí 72 jẹ́ ti ilẹ̀ tí a bí i sí, tí 145 sì jẹ́ ti ilẹ̀ tó gbà á.

Ọ̀kan lára àwọn tó wọ GS fún New Zealand lẹ́yìn rẹ̀ kan àwa náà: Grace Nweke, tí a bí ní Auckland fún àwọn òbí tó wá láti Nàìjíríà, ga ní mítà 1.93. Nígbà tó fara pa níbi ife àgbáyé 2023 ní Cape Town, New Zealand kò dé àṣekágbá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Funmi Fadoju, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ń ṣọ́lé fún, ló nà wọ́n ní 46 sí 40. Ní 2025, Nweke kó lọ sí ẹgbẹ́ Swifts ní Ọsirélíà, òfin nẹ́tíbọ́ọ̀lù New Zealand nígbà náà sì ni pé ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lókèèrè kò ní wọ aṣọ dúdú.