Irin-iṣẹ́ Tí Ó Yẹ fún Gígé Pátákó Ìbora Ògiri

Ní ilẹ̀ òtútù, àwọn ènìyàn a máa fi pátákó fífúyẹ́ bo ògiri ilé wọn láti òde, kí ooru inú ilé má baà sá lọ. Ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti kọ́kọ́ fi fóòmù funfun ṣe é ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n bí a kò bá gé pátákó náà gún, àlàfo yóò wà. Ooru yóò gba ibẹ̀ jáde, ojú ògiri nínú ilé yóò tutù, yóò rin, yóò sì bu.

Èkínní, fóòmù funfun: wáyà tí iná mànàmáná mú gbóná ni ó yẹ ẹ́. A máa yọ́ ọ kọjá geere, kì í sì í fọ́n hóró rẹ̀ ká bí ayùn. Ìta gbangba ni kí a ti lò ó, nítorí èéfín.

Èkejì, òwú òkúta: òkúta tí a yọ́, tí a sì ta bí òwú ni. Wáyà gbígbóná kò lè gé e. Ọ̀bẹ gígùn tí ó ní eyín ni kí a lò, kí a sì bo imú nítorí eruku.

Ẹ̀kẹta, fóòmù líle tí kì í yọ́: ayùn eléyín wẹ́wẹ́ ni tirẹ̀. Bí a bá fi iná kàn án, yóò jó, èéfín rẹ̀ a sì máa pani lára.

Bí àlàfo bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì dí i, nítorí ooru a máa gba inú sìmẹ́ǹtì kọjá. Ẹ gé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ irú kan náà sí i. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ tó yan ohun tí ẹ ó fi gé e.