Alùpùpù Tí Ó Sùn Fún Ọdún Mẹ́jọ

Ní àdúgbò Ṣáṣá àti Àkówọnjọ, ó ṣòro kí ènìyàn rin òpópó kan já láìrí alùpùpù tí wọ́n fi ti ògiri, tí táyà rẹ̀ ti rọ, tí adìẹ sì ti sọ àga rẹ̀ di ibùsùn. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí olówó wọn ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn mìíràn láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀kadà kúrò ní títì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó tún ń wo irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ní àwòtúnwò. Ọkọ̀ tí epo díẹ̀ ń gbé jìnnà kì í ṣe ohun tí à ń sáré tà fún àwọn onírin àlòkù ní kíló kíló.

Èyí tí ó kàn mí jẹ́ Honda CG125, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ti dolóògbé. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó olóògbé, Màmá wa, ti ń bá àwọn onírin dúnàádúrà, nítorí pé ó fẹ́ gbé fìríìsà tí yóò fi máa ta ẹja sí àyè náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta náà nìyẹn o. Bí ó bá lé ọjọ́ kan, irin ni mo máa pè é." N kò tú ẹ́ńjìnnì kankan rí láyé mi.

Orí bá mi ṣe é pé CG125 ni. Ọdún 1976 ni Honda gbé irú alùpùpù yìí jáde, irú ilẹ̀ tiwa gan-an ni wọ́n sì ní lọ́kàn: ibi tí ọ̀nà kò dán, tí ẹrù ń pọ̀ lórí ọkọ̀, tí olówó ọkọ̀ kì í sì í ráyè tọ́jú rẹ̀ lásìkò. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń ti fáàfù rẹ̀, dípò ṣéènì kékeré tí ó máa ń yí kámù lókè ẹ́ńjìnnì àwọn alùpùpù mìíràn, tí ó sì máa ń rọ̀ bí ó bá pẹ́. Honda fúnra rẹ̀ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní ọdún 1979, Ọ̀tà kò sì jìnnà sí wa níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ṣáínà ṣe àdàkọ ẹ́ńjìnnì yìí lóríṣiríṣi, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yà rẹ̀ kò fi ṣọ̀wọ́n títí di òní. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà alùpùpù tí à ń rà káàkiri Nàìjíríà ń gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra kọjá. Inú òwò yẹn ni Innocent Chukwuma ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ Innoson.

Kí n tó fọwọ́ kan sípánà, ìwé ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Nínú àpótí olóògbé ni a ti rí i, ní abẹ́ ìwé owó ilé. Nọ́ńbà méjì ni ó ṣe pàtàkì: èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ara férémù nítòsí ọrùn ọkọ̀, àti èyí tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò lójú méjèèjì, mo sì fi wọ́n wé ìwé. Wọ́n bára mu. Ẹni tí kò bá rí ìwé, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bára mu, kí ó yanjú ìyẹn kí ó tó ná kọ́bọ̀, nítorí alùpùpù tí ó ń dún dáadáa tí kò ní ìwé, wàhálà tí ó ń rìn ni.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ni ó fa àríyànjiyàn àkọ́kọ́ láàárín èmi àti ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́bàá ọjà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ra ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tuntun. Ọjọ́ kan péré, ó ti parí." Kò purọ́; ẹ́ńjìnnì náà ìbá wọlé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara rẹ̀ kò ní jẹ́ ti inú ìwé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ tún ṣe kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, èyí tí ó wà níbẹ̀ ni kí a jí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà láti máa kọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gbá kíkì. Ríìngì ẹ́ńjìnnì tí ó ti sùn pẹ́ lè ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Bí a bá fipá gbá a, eyín kíkì lè kán, tàbí kí ìpẹtà ha inú sílíńdà. Ọ̀gá ní kí n yọ púlọ́ọ̀gì, kí n da ọ́ìlì tí a fi dísù là sí ojú ihò náà, bí ṣíbí mẹ́ta, kí n sì lọ sùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbé ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ àárín, a fi í sí jíà tí ó ga jù, mo sì ń fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, síwá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó mì. Igbe tí mo ké pọ̀ débi pé Màmá gbé igi jáde, ó rò pé ejò ni. Ọ́ìlì àtijọ́ tí a tú jáde dúdú, ó sì funfun bí ògì ní etí: omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí lítà kan tuntun ni a dà sí i.

Táńkì ni ó gba àkókò jù lọ. Epo bẹntiróòlù tí ó bá dúró pẹ́ máa ń fẹ́ lọ, yóò wá ku èérí tí ó ń lẹ̀ bí oje igi, tí òórùn rẹ̀ kan. Ìpẹtà tún ti jẹ inú rẹ̀. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan sínú rẹ̀, mo mì í títí apá fi ro mí, mo dà á nù, mo tún bẹ̀rẹ̀, títí omi tí ń jáde fi mọ́. Mo sá a sí oòrùn, mo sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa inú rẹ̀ kí ó má baà tún dípẹtà. Ẹ jọ̀wọ́, bí táńkì yín bá jò, ẹ má gbé e lọ bá onírin-jíjó láìfọ̀ ọ́ tinútẹ̀yìn. Táńkì tí ó dà bí òfìfo léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí oru epo tí ó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ni ó ń bú gbàù.

Èérí kan náà ni ó dí kábúrétọ̀. Ihò jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́ẹ̀ rí i. Idẹ rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà abẹ́rẹ́ àti wáyà líle kò gbọ́dọ̀ kàn án, wọn yóò sọ ihò náà di ńlá, ọkọ̀ yóò sì máa jẹ epo. Ẹyọ okùn bàbà kan láti inú wáyà iná ni mo lò, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ti iná kò pẹ́. A fi sáńpépà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nu ojú ibi tí iná ti ń ṣẹ́, a fi àlàfo púlọ́ọ̀gì sí 0.6 sí 0.7 mílímítà, ti fáàfù sí 0.08 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí ẹ kàn rántí pé àwọn CG125 àkọ́kọ́ ń lo bátìrì fóòtì 6, àwọn tí ó dé lẹ́yìn ń lo 12. Gílóòbù èyí kò bá èyí mu.

Níbi táyà ni n kò ti gbà kí a ṣọ́wó ná. Táyà ẹ̀yìn ṣì ní gbùngbùn, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ó dára. Ṣùgbọ́n lára táyà òde òní, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni. Rọ́bà tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti gan, yóò sì máa yọ̀ lójú omi. Táyà méjèèjì, ṣéènì àti bàtà bíréèkì ni owó mi bá lọ jù. Bí ẹ bá ṣí bíréèkì, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Ti àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kíkùn lọ́dà kẹ́yìn. Ọ̀dà kì í dá ọkọ̀ dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí ó dún, ní ìgbà kẹfà tí mo gbá kíkì. Èéfín funfun bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń dínkù bí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti ń jó tán. Màmá jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bí ó ti máa ń dún ní àárọ̀ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni ó bi mí léèrè ibi tí n óò máa gbé e sí, nítorí fìríìsà ń bọ̀.

Òfin kò ṣeé fojú fò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn, Ìkẹjà tí ó wà nítòsí wa wà níbẹ̀. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà ńláńlá ṣáájú ìgbà yẹn. Akoto náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: nígbà tí wọ́n fi dandan lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, tí igbá kò sì lè gba orí ẹnikẹ́ni là. Méjì ni mo rà.

Ìwé ìyípadà orúkọ ni ó kù. Nítorí pé olówó ọkọ̀ ti kú, wọ́n ń béèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹbí, àwọn ọmọ olóògbé sì ti fọwọ́ sí i. Títí yóò fi jáde, inú ọgbà ni mo ti ń gbá a ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí epo má baà tún sùn sínú kábúrétọ̀.